Ẹ̀ka Òdúnúgà

Ọ̀dẹ Rẹ́mọ, aago méjì òru.
Ìyá mi ti fi ewé bo agbọ̀n obì, ó ti sùn.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́ bí arúgbó tó fa tábà.
Ó ku èmi àti kọ̀ǹpútà,
àti èkùrọ́ inú ẹ̀rọ, tí a kì í fi òkúta pa.
Èkùrọ́ ni mo ń pè é:
gbogbo ayé ń wo èèpo,
inú lọ́hùn-ún ni àdín wà.

Àbùlẹ̀ mọ́kànlá la lẹ̀ mọ́ ọn
kí pọ́ǹpù omi ilé ìwé má baà kú.
Kálukú pẹ̀lú ẹ̀ka tirẹ̀:
ọ̀kan nítorí iná tó ń já lójijì,
ọ̀kan nítorí aago tó ń sáré ju oòrùn lọ,
ọ̀kan tí mo kọ lọ́jọ́ ìbínú, n ò ní sọ ìdí ẹ̀.

Àwọn tó ni ìtí igi ò mọ̀ wá.
Bí wọ́n bá ti rú ewé tuntun,
àwa la ó já ẹ̀ka wa,
la ó tún un lọ́ sára ìtí tuntun, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Bí ìlà méjì bá forí gbárí,
má fi ojú oorun dá ẹjọ́ wọn.
Mo ṣe é rí. Ọjọ́ mẹ́ta làwọn ọmọ ò rómi mu.

“Àfòmọ́ ò légbò,” Òdúnúgà a máa wí,
“igi gbogbo ní í bá tan.”
Àbùlẹ̀ tirẹ̀ ni ìkeje. Ìlà mẹ́rin péré.
Ó kọ sábẹ́ rẹ̀:
Ẹ má yọ èyí o. Ẹ̀rọ á gbóná. Mo ti fi ìka mi dán an wò.
Ọdún méjì rèé tí ọ̀nà Ṣàgámù ti gbà á lọ́wọ́ wa.

Lóru yìí mo lọ́ ìkínní, ó mú.
Ìkejì mú. Ìkẹta bá mi jà, mo bẹ̀ ẹ́.
Mo dé orí ìkeje, ẹ̀rọ ní
kò sí ohun tó kù láti lẹ̀.
Àyà mi já. Mo rò pé mo ti ṣèèṣì pa á.
Mo wo ara ìtí:
ìlà mẹ́rin náà ló jókòó síbẹ̀,
orúkọ ẹlòmíràn lórí wọn,
ẹnì kan nílùú òtútù tí kò gbúròó Òdúnúgà rí,
tí iná jó ìka tirẹ̀ náà.

Àfòmọ́ ti di igi.

Ó yẹ kí n pa ẹ̀ka náà rẹ́.
Òfin wa nìyẹn; èmi ni mo kọ ọ́.
Mo tẹ àṣẹ dé ìdajì.
Ìyá mi yíra padà lórí ẹní.
Àṣẹ ni mo pa rẹ́, n ò fọwọ́ kan ẹ̀ka.

Láago mẹ́fà, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀.