Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Mi

Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ́kọ́ dúró níwájú wọn,
lábẹ́ páànù ilé-ẹ̀kọ́, ní abà kan lẹ́yìn Iléṣà,
níbi tí àwọn awakùsà ti wa góòlù, wa góòlù,
tí wọ́n kó góòlù lọ, tí wọ́n fi ihò sílẹ̀ fún òjò.
Mo wọ bàtà tuntun. Mo gbé pátákó dání.
Mo kọ nọ́ńbà, mo kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀,
mo fa ìlà kan tó ń gòkè bí adẹ́mu.
Mo ní: "Ìwọ̀n òjé tó wà nínú kànga yín
fi ìlọ́po méje kọjá èyí tí àjọ ìlera gbà láàyè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.
Wọ́n súre, wọ́n di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fún mi.
Mo padà sí Iléṣà, mo sùn bí ẹni tó san gbèsè tán.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ mú pátákó tí mo gbàgbé.
Mo bá wọn lẹ́nu kànga.
Ìlà wọn gùn ju ìlà tí mo fà lọ.

Yèyé Fáróunbí ló rí ojú mi.
Ó sọ korobá kalẹ̀. "Ọmọ mi,
a gbóhùn rẹ lánàá, ohùn náà dùn.
Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a ò rí mú lọ sílé.
Òjé tí o ń pè yẹn, ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá mi ni mo mọ̀ ọ́n sí.
Ta ló ju ẹ̀gbà sínú kànga?
Bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, a óò se omi náà.
Ṣebí nọ́ọ̀sì ní ká máa se omi."

Mo la ẹnu.
Gbogbo ohun tí mo fi ọdún márùn-ún kọ́ ní Ifẹ̀
fún ara wọn pọ̀ bí ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tóóró;
kò séyìí tó jáde.

Mo wá rántí bàbá bàbá mi, òṣómàálò,
tó ru aṣọ dé ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn dáadáa.
Kì í pariwo lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè.
Á kàn lóṣòó,
á wo onílé lójú,
títí owó yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́.

Mo bọ́ bàtà. Mo lóṣòó.
"Yèyé, bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lọ́bẹ̀,
tí ẹ tún gbé e padà sórí iná ńkọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Á burú sí i ni. Omi ní ń lọ, iyọ̀ kì í lọ."
"Ṣé ẹ fojú rí iyọ̀ náà?"
"Ahọ́n ló rí i."
"Òjé yìí kì í jẹ́ kí ahọ́n rí òun."

Ó dákẹ́.
Obìnrin méjì gbé garawa wọn sún mọ́ wa.

Adétiba ní: "Ó ti pẹ́ tí a ti ń mu ún.
Kí ló dé tí a ò tíì kú?"
Mo wá nọ́ńbà nínú orí mi, kò síkan tó yọjú.
Mo ní: "Èló lo ń dá fún alájọ lójúmọ́?"
"Igba náírà."
"Ṣé igba náírà lè kan òrùlé?"
"Kò lè kàn án. Àmọ́ tó bá dìparí ọdún—"
Kò parí rẹ̀.
Ó yíjú sí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.
"Egungun wa lalájọ," ni mo wí, ohùn mi ti wálẹ̀.
"Àjọ ọmọdé ló sì ń tètè kún."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ó yé wọn débi pé ó dùn wọ́n.

Yèyé tẹ korobá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀,
ilẹ̀ pupa mu omi náà tán.
Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò kọ sórí pátákó:
"Èwo wá ni ká mu?"

N kò mọ̀ ọ́n.
Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ ọ́n; ìyẹn náà yé e.

Lọ́jọ́ Ajé, kí akọ̀wé káńsù tó dé,
mo ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀,
mo ti lóṣòó.