Igbá Kẹta

Pẹ́ńsù ni ọ̀gá ní kí n máa fi kọ ọ́.
"Wàsílátù, bírò kì í gbẹ̀bẹ̀,"
ló wí, ó sì ń fi ìka nu orí tábìlì
bí ẹni pé eruku ló wá wò.

Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti ń gbé wọn wá láti Òkèlele,
lórí ọ̀kadà, nínú ọmọlanke, lẹ́yìn ìyá,
ojú wọn jìn wọnú bíi kànga ẹ̀ẹ̀rùn.
Ohun tó ń jáde lára wọn
dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.
Ta ni kò mọ orúkọ rẹ̀?

Lẹ́tà ti Sẹkitéríátì dé: ẹ kọ "ìgbẹ́ gbuuru".
Ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn baba wa náà kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ.
"Olóde" ni wọ́n ń wí, jẹ́jẹ́,
lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀yìn wò.
Ṣùgbọ́n àrùn ni wọ́n ń bẹ̀rù,
kì í ṣe àpótí ìbò.

Wọ́n ní Ìlọrin, ẹnu dùn ju iyọ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni. Lóru ọjọ́ náà, iyọ̀ ni mo wá:
ìdajì ṣíbí kékeré, ṣúgà ṣíbí mẹ́fà,
omi líítà kan tó ti hó, tó ti tutù.
Iyọ̀ tán. Ẹnu kò tán.
Ẹnu ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò gáádì títí ilẹ̀ fi mọ́:
ìlú tòrò, omi mọ́, kí kálukú máa sùn.

Ràmátù ọmọ Àlímà, ọdún mẹ́rin lé oṣù kan,
kú kí ládáànì tó pe Àsùbáà.
Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ọwọ́ mi ló ń wò.
"Kí lẹ kọ?"
Gbuuru.
"Gbuuru kẹ̀? Eyín híhù ń fa gbuuru.
Mo ṣì ní méjì nílé,
kànga kan náà ni wọ́n ń mu.
Ẹ sọ ohun tí mo máa lọ wí nílé fún mi."

Igbá kan fún ẹnu, igbá kan fún ìdí,
ìkẹta ni tiwa,
èyí tí a fi dé méjèèjì mọ́lẹ̀.

N kò níí parọ́, àyà mi já.
Owó ilé-ìwé ọmọ mi wà nínú iṣẹ́ yìí.
Mo yá bírò pupa tí gáádì fi ń kọ tẹ́tẹ́,
mo kọ ọ́: Onígbáméjì.
Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé ó yọ sójú ewé kejì.

Ọ̀gá dé ní agogo mẹ́jọ.
Ó mú rọ́bà, ó ń pa á, ó ń pa á,
ìwé bẹ̀rẹ̀ sí ya.
Àlímà ti délé nígbà náà,
ó ti já okùn kànga.