Ìwe Tó Kù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà náà dé, àbí Ọjọ́rú ni,
ó já bọ́ láti ẹnu ìlẹ̀kùn sórí bàtà iṣẹ́ mi.
Òjò ń rọ̀ ní Họ́dásífíìdì
bí ẹni tí ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀.
Ìwé dé nítorí ìwe:
àmì ohùn kan péré ló yà wọ́n,
ẹ̀gbẹ́ òsì mi ni àwọn méjèèjì jọ gún.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì.
Mo jókòó lọ sí Hálífáàsì, mo jókòó bọ̀,
páì ọlọ́ràá ní ibùdókọ̀, ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó.
Ìyá mi a rí mi lórí fóònù, a pariwo:
“Àjàdí, ojú rẹ kún! Ìlú òyìnbó mà gbè ọ́ o!”
Èmi náà a kó afẹ́fẹ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ kí ayọ̀ rẹ̀ lè pé.
Ihò bẹ́líìtì mi ti ń tán lọ nígbà yẹn.

Dókítà Kúréṣì yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi:
kókó kan, tó tó kóró àgbálùmọ̀.
Jẹjẹrẹ.
“Mi ò mu sìgá rí,” mo ní, bí ẹni tó wà ní kóòtù.
Kò dá mi lẹ́bi. Ó ní ọ̀rá ara a máa fi kún ewu,
ẹ̀jẹ̀ ríru náà a máa bù sí i,
ṣùgbọ́n ewu kì í ṣe ìdájọ́;
òun ti rí i lára sárésáré kan
tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀.

Wọ́n yọ ti òsì.

Ìwe mi ọ̀tún, ìwọ tí ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì
láìgba owó ofataìmù,
mo ti ka ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì fún mi:
ẹ̀fọ́, iyọ̀ díẹ̀, ìrìn ojoojúmọ́.
Ibùdókọ̀ mẹ́ta ṣáájú ilé ni mo ń sọ̀ báyìí.
Òkè ibí kò mọ àgbà.
Mo fara ti ògiri òkúta dúdú, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Lánàá, mo jẹ páì. Ìdajì.
Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ Ìsinmi:
“Àjàdí, o rù. Ta ni ò fún ọ lóúnjẹ?”
Àlàyé há mi lọ́fun.
Mo yí fóònù sí òkè náà,
kùrukùru, koríko, agbo àgùntàn.
“Ibẹ̀ yẹn ni mo ń gùn, Màmá.”
Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
“Àwọn àgùntàn yẹn,” ó ní, “wọ́n mà sanra o.”