Ìdajì Tíkẹ́ẹ̀tì

Sinimá kékeré kan wà lẹ́yìn ibùdó reluwé ní Tampere,
ó há sáàárín ilé oníbúrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe.
Ìjókòó méjìlélọ́gọ́ta péré. Ìkẹrìnlá ti ya,
a fi okùn dè é pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀,
ẹnì kan á ṣáà jókòó síbẹ̀.
Kointähti ni wọ́n ń pè é, ìràwọ̀ òwúrọ̀,
bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí i kó tàn láàárọ̀ rí:
alẹ́ ni tiwa.

Èmi ni mò ń ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.
Èmi náà ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ètò ọ̀sẹ̀ sára pátákó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fíìmù fún ìyá ọlọ́mọ ọwọ́:
a ó dín ohùn kù, a ó fi iná díẹ̀ sílẹ̀, ẹkún ò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.
Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ṣe fíìmù wá fúnra rẹ̀, ó ní ká bi òun ní ìbéèrè.
Èèyàn mẹ́sàn-án ló wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo la rí bi í:
ṣé ajá inú fíìmù yẹn ṣì wà láàyè?
Ó ní ó wà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Sátidé yìí, yìnyín mu wá dé orókún,
oòrùn ti sá wọlé láago mẹ́ta ọ̀sán bí ajigbèsè.
Mo ní, ta ni yóò jáde?
Wọ́n jáde.
Wọ́n ń gbọn bàtà, wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù lórí ẹ̀wù
bí ẹni ń bó àlùbọ́sà.
Ará ibí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mi orí sí mi,
mo mi orí padà, kíkí ti pé.

Inú àjà ilé kan la ti rí fíìmù náà, nínú agolo bisikíìtì:
ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, kò lóhùn,
àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ tí wọ́n ń jáde lẹ́nu géètì lọ́dún 1931.
Urpo, tó ń yí ẹ̀rọ lókè, fi gọ́ọ̀mù àti sùúrù
lẹ ibi mọ́kànlélógójì pọ̀.
A yá dùùrù nílé ìwé; ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
ìwé tẹlifóònù àtijọ́ la fi gbé e ró.
Marketta jókòó tì í láìsí ìwé orin.
Ó ní, “Ojú wọn ni n ó máa kà.”

Iná kú.
Géètì ṣí.
Àwọn obìnrin tú jáde, ìborùn lórí, eruku òwú lára irun,
wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọn kò mọ̀ pé ó lè pa ẹ̀rín mọ́.
Dùùrù ń bá wọn rìn. Ó ń yára bí wọ́n bá yára,
ó ń dúró bí ẹnì kan bá dúró so okùn bàtà.

Ìgbà náà ni Taimi dìde, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
lórí ìjókòó kẹrìnlá, bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó ya.
Ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ lọ síwájú,
òjìji rẹ̀ gun aṣọ funfun, ó dúró láàárín wọn
bí ẹni tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́.
Ó na ìka. Ó ní, “Äiti.”
Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọge kan tí kò tíì pé ogún ọdún ń jẹ ápù,
ó kọjá lára òjìji arúgbó,
kò mọ̀ pé ọmọ òun ni, ó ku ọdún mẹ́rin kó tó bí i.

Pàà, fíìmù já.
Gbogbo ojú aṣọ funfun. Urpo ṣépè lókè, a gbọ́.
Marketta kò gbọ́wọ́ kúrò. Ohùn kan ṣoṣo ló ń tẹ̀,
ó tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn
ilé tó mọ̀ pé èèyàn wà nínú rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó ní kí Taimi jókòó.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo kà á.

Géètì tún ṣí. Urpo ti dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.
Ápù náà tún di odindi.

Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n fún òun ní ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì òun
tó wà lọ́dọ̀ mi. A kì í fún wọn.
Mo wá a nínú àpótí: mẹ́tàdínláàádọ́ta, gbogbo wọn jọra.
Mo mú ọ̀kan.