Ẹni Tó Kù ní Bèésì Kẹta

Èmi ni mo ń kọ ayò.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jókòó sórí àga onípákó
ní pápá ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, l'Ádó wa níbí,
ìwé lórí itan, lẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn etí.
Kò sẹ́ni tó sanwó fún mi.
Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn náà.

Ẹ jẹ́ n ti ọ̀dọ̀ Morádékẹ́ Fásúbàá bẹ̀rẹ̀,
ajubọ́ọ̀lù wa, tó ń rán aṣọ ọmọ ilé-ìwé ní Òkèṣà.
Apá tó fi ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀
náà ló fi ń ju sọ́fúbọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́.
Láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni bọ́ọ̀lù á ti yọ,
jẹ́jẹ́, bí àlejò tó fẹ́ kí ọ;
kí o tó gbé igi, ó ti kọjá lára rẹ.
Lọ́jọ́ tí ará Àkúrẹ́ wá,
mẹ́rìnlá nínú wọn ló na afẹ́fẹ́ lásán.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ ọ́.

Ìbídùn ló ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn onígi.
Agbẹ̀bí ni, ní ọsibítù, iṣẹ́ òru;
ó máa ń dé tòun ti oorun lójú,
á lóṣòó, á tẹ́wọ́ méjèèjì síwájú
bó ṣe ń tẹ́ ẹ fáwọn ìyá ọlọ́mọ.
Kì í jẹ́ kó bọ́.

Ti Fadérera, ẹ máa rọra gbọ́.
Ọmọ Ìgèdè, ó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ó na bọ́ọ̀lù kan lọ́dún kan, ó fò kọjá ọgbà,
a wá a títí láàárín ewé kókò, a ò rí i.
Ọdún kejì ni bàbá kan gbé e wá bá wa,
ó ní òun wú u pọ̀ mọ́ kókò,
ó béèrè bóyá a máa ń sè é.

Ọmọbìnrin kan wà lápá òsì tí mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.
«Ọ. B.» ni mo kọ. Ó yára. Kó foríjì mí.

Wọ́n ní jẹ́sì ń bọ̀. Jẹ́sì ò dé.
Morádékẹ́ kó àjákù aṣọ jọ, ó rán an:
ẹ̀yìn aró, iwájú àwọ̀ ewé,
apá kan gùn ju èkejì lọ.
A fi na Ìkàrẹ́.

Eré yìí, ilé lèèyàn ti ń sá lọ,
ilé náà ló ń sá bọ̀.
Ilé làbọ̀ sinmi oko, òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta tí kì í ṣe ilé
lo gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó kà ọ́ sẹ́ni tó dé.

Ìdíje tó kẹ́yìn, ọyẹ́ mú, àwa àti ará Ọ̀wọ̀.
Ayò dọ́gba. Fadérera sáré dé bèésì kẹta,
eruku bò ó dé ìpéǹpéjú.
Ilẹ̀ ṣú. Kò síná.
Rẹfirí ní ká padà wá lọ́jọ́ Sátidé, ká parí rẹ̀ níbi tó dé.
Ní Sátidé, bọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀ dákú sọ́nà.
Ní Sátidé kejì, Fadérera ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kòǹtàgórà.

Èjìká Morádékẹ́ ò gbéra mọ́.
Wọ́n gbé Ìbídùn lọ sí Òmùò.
Epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń tà báyìí
níbi tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró sí.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi.
Lójú ewé tó kẹ́yìn, àmì lẹ́ẹ̀dì kékeré kan
wà ní igun kẹta.
Mi ò pa á rẹ́.
Mi ò sì lè fà á délé fúnra mi;
olùkọ-ayò kì í sáré fún ẹnikẹ́ni.