Àpamọ́wọ́

Tísà Fámúàgún ló kọ ọ́ sójú pátákó
ní Arámọkọ, lọ́jọ́ tí òjò ń lu páànù bí ẹni ń da ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀:
À-PA-MỌ́-WỌ́.
"Ohun tí a pa mọ́ sọ́wọ́," ó ní, ó ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò níka.
Mo nawọ́. "Ṣé báàgì ni, sà?"
"Báàgì ni tìẹ. Jókòó."

Nílé wa, báàgì náà ni.
Dúdú, etí rẹ̀ kan ti já,
yèyé mi fi okùn bàtà bàbá mi so ó.
Abíyá ló ń gbé; kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́.
Ó ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún ó dín méjì ní Ìjerò,
n ò rí i kó ṣí i lójú ẹnikẹ́ni.
Bó bá fẹ́ fún wa lówó búrẹ́dì,
á ní, "Gbé e wá."
Kò ní í ní, "Mú owó nínú rẹ̀."
A ó gbé e bí ẹni gbé ẹyin,
yóò yíjú sógiri,
irin ẹnu rẹ̀ á dún: pẹ́kẹ́.
Ìró yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ sí owó.

Lánàá, a lọ fojú hàn l'Ádó nítorí owó ìfẹ̀yìntì.
Ìlà gùn dé ìdí máńgòrò.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Ó ní, "Ṣí i."
Èmi? Ó ní, "Ta ló tún wà níbí?"

Kọ́kọ́rọ́ méjì tí kò nílẹ̀kùn mọ́.
Tọ́ọ̀mù-tọ́ọ̀mù tó ti yọ́ mọ́ bébà.
Rìsíìtì owó ilé-ìwé mi, fọ́ọ̀mù tú:
a ti san án, ó ku náírà méjì.
N ò mọ̀ rí pé ó kù.
Ìwé ìfẹ̀yìntì wà nísàlẹ̀, nínú ọ̀rá, ó ká a sí mẹ́rin.

Wọ́n ní òun nìkan ni kó wọlé.
"Mú un dání," ó ní.
Mo mú un lọ́wọ́, ó ń fì dirodiro bí ẹja tí mo rà.
Mo gbé e kọ́ èjìká; ọlọ́kadà kan kígbe,
"Bọ̀dá, báàgì yín bá bàtà yín mu o!"
Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín díẹ̀.
Nígbẹ̀yìn, mo fi há abíyá.
Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Tísà, ẹ ò sọ fún wa lọ́jọ́ náà:
ọ̀rọ̀ yẹn dárúkọ ọwọ́,
kò sọ ọwọ́ ta ni.