Wáyà Aláwọ̀ Ewé

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí wá sí Ìwòpin lẹ́yìn òjò,
pé iná ọkọ̀ Bàbá Odùnúgà tún ti kú.
Kò kú tán. Ó ń ṣẹ́jú
bí arúgbó tí oorun ń kùn nídìí ìwàásù.

Ọkọ̀ ọ̀hún dàgbà jù mí lọ.
Irin ni ara rẹ̀, ìpẹtà lẹ̀wù rẹ̀.
Láyé ijọ́un ó kó pákó, ó kó èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́;
báyìí wọ́n so ó mọ́ òpó létí omi bí ewúrẹ́,
baba sì ń gbé inú rẹ̀,
torí, ó ní, ilé orí ilẹ̀ kì í mì,
oorun kì í sì í kun òun níbi tí nǹkan ò ti mì.

Láti yàrá yìnyín àwọn ẹlẹ́ja
wáyà kan gba ojú fèrèsé jáde,
ó fo àwọ̀n tí wọ́n sá,
ó rá pálá gba abẹ́ pákó èbúté,
ó gun ọkọ̀ bí èkúté.
Mo yọ púlọ́ọ̀gì ná. Iná ò mọ ẹni tó ń ṣàánú òun.
Lẹ́yìn náà ni mo wá ń fọwọ́ tọ́ ọ, ìka kan, ìka kan,
bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja fún ọmọdé.

Ẹnu púlọ́ọ̀gì ti dúdú bí ìdí ìkòkò,
ọ̀rinrin ti jẹ ẹsẹ̀ idẹ rẹ̀ kan.
Mo pààrọ̀ rẹ̀. Iná tàn, kò ṣẹ́jú mọ́.
“Ó parí,” ni baba wí, ó ń wá owó nínú àpò.

Ẹsẹ̀ mi tútù. Mo di irin ọkọ̀ mú kí n lè sọ̀kalẹ̀,
nǹkan kan já mi jẹ, bí ọmọ akàn.
“Èyí ńkọ́, baba?”
“Ìyẹn? Ó ti pẹ́. Sílípáàsì rọ́bà ni mò ń wọ̀.”
“Àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nídìí ọkọ̀ ńkọ́?”
Kò fèsì. Ó ń wo omi.

Mo tú àpótí iná.
Pupa wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀,
aláwọ̀ ewé, èyí tó yẹ kó máa sin iná aṣìnà wọlẹ̀,
wọ́n ti gé e,
wọ́n ká ẹnu rẹ̀, wọ́n fi téèpù dúdú dì í
mínímíní, bí ìwọ́ ọmọ tuntun.

“Awófẹ̀sọ̀ ni. Àbúrò mi.
Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, bírékà ń já, ó ń já.
Ó gé ìyẹn, bírékà sì dákẹ́.
Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́.”

Baba, bírékà ò ṣàìsàn.
Òun lẹni tó ń ké “Olè! Olè!” lóru,
ẹ dìde, ẹ fọwọ́ bò ó lẹ́nu,
ẹ padà lọ wo bọ́ọ̀lù.

Mo wá ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo mítà.
Fáànù: kò mì. Rédíò: kò mì.
Mo yọ pọ́ǹpù tó ń fa omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀,
ọwọ́ mítà bọ́ sí òdo, ó dúró síbẹ̀.
Mo so aláwọ̀ ewé padà,
mo gbá irin gígùn mọ́ ilẹ̀ lẹ́bàá òpó,
mo tún di irin ọkọ̀ mú, tẹsẹ̀ tútù tẹsẹ̀ tútù.
Irin lásán ni.

Baba bẹ̀rẹ̀, ó ṣa téèpù nílẹ̀.
“Ọdún kẹta rèé tó ti sùn,” ló wí.
“Wo bó ṣe ká a. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.”
Ó fi sápò, níbi tí owó mi ti jáde.

Aago méjì òru, fóònù dún.
“Ọmọ Ṣóyọmbọ̀, bírékà já.”
“Pọ́ǹpù lẹ tún kì bọ̀ ọ́.”
Ó dákẹ́ pẹ́. Mò ń gbọ́ òjò lẹ́yìn rẹ̀.
“Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi ni.”
“Ẹ fi igbá gbọ́n ọn, baba.
Mo ń bọ̀ láàárọ̀.”